Omeprazole yín ò ṣiṣẹ́? Ìgbà wo lẹ̀ ń lò ó ná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àyà ló máa ń ta mí, á tún ru wá sí ọ̀fun bí ẹni mu omi ata, wọ́n ní ọ́lsà ni. Omeprazole ni oníkẹ́míìsì àdúgbò wa fún mi, tí mo bá ti jẹun tán tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ni mo máa ń lò ó, àmọ́ kì í tètè ṣiṣẹ́, nígbà míì mo máa ń lo méjì pọ̀. Mo tún ń lo ibuprofen fún orúnkún. Ṣé mo lè gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó ń bọ̀ yìí? — Ìyá Ìbejì, Ìpàtà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Oògùn yẹn ò ṣẹ̀ yín, àsìkò tí ẹ̀ ń lò ó ni. Ṣẹ́ ẹ rí i, nǹkan kéékèèké kan wà nínú ikùn tó ń pọn ásíìdì jáde bí ẹ̀rọ omi, oúnjẹ ló ń jí wọn, iṣẹ́ omeprazole sì ni kó ti ẹ̀rọ yẹn pa, tẹ́ ẹ bá wá jẹun tán kí ẹ tó lò ó, omi ti kúnlẹ̀, kí ló fẹ́ tì mọ́? Ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó jẹun àárọ̀ ni kí ẹ gbé e mì, ẹ má rún un lẹ́nu, lójoojúmọ́, kódà tí inú ò ta yín. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìtura ojú ẹsẹ̀, oògùn olómi funfun bíi Gestid ni, òun ló ń pa ásíìdì tó ti jáde, àmọ́ kì í pẹ́ lára, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin tàbí tetracycline, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Ti ibuprofen yẹn ló dùn mí jù. Ìyá wa, ẹ̀ ń paná lẹ́yìn, ẹ̀ ń koná níwájú! Ohun tó ń bo ara ikùn kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́ ló ń bà jẹ́, diclofenac àti aspirin náà ò yàtọ̀, ká má tíì wá sọ oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì sí ọ̀rá kiri ọjà, ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ẹ lo paracetamol ná, kí dókítà yẹ orúnkún wò.

Ata kọ́ ló sì ń fa ọ́lsà o. Kòkòrò kan wà, Helicobacter pylori, òun náà máa ń fa ọ́lsà. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, gbé e mu fúnra ẹ̀ ní 1984 torí àwọn èèyàn ò gbà á gbọ́, inú ẹ̀ dàrú lóòótọ́, òun àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Robin Warren, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ẹ ní kí ọsibítù fi ìgbẹ́ yín ṣe àyẹ̀wò kòkòrò náà, àmọ́ ẹ ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ó lè fi kòkòrò náà pa mọ́.

Ti ààwẹ̀ ńkọ́? Tí dókítà bá ti ní kò léwu, ẹ lo omeprazole ní ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó jẹ sààrì, kí ẹ má sì jẹ ìṣínu tán kí ẹ nà gbalaja. Tí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ̀ ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ààwẹ̀ ṣì lè dúró dè yín.