Ẹni Tó Ń Díje Kò Gbọdọ̀ Ka Ìbò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Ìbéèrè mẹ́ta nípa ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ló wà níwájú wa lóṣù yìí. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà wọ́n ni mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dùn wọ́n: ẹni tí ìpinnu yóò ṣe láǹfààní ni wọ́n fi ṣe adájọ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ni ẹgbẹ́ wa. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí alága kan náà ti wà lórí àga. Lọ́dọọdún, akọ̀wé á ka orúkọ tí ìgbìmọ̀ tó ń fa olùdíje kalẹ̀ mú wá, á bèèrè bóyá a fara mọ́ ọn, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ díje fún ipò akápò. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ náà, alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń darí ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Èsì tí mo rí gbà ni pé àkókò mi kò tíì tó. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dá mi dúró?

ÌDÁHÙN: Ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé ohun tó bá wà níbẹ̀ lágbára ju ohunkóhun tí èmi lè sọ lọ. Ẹ wá abala ìdìbò, kí ẹ wò ó bóyá ó sọ pé ọwọ́ ìgbìmọ̀ yẹn nìkan ni orúkọ olùdíje ti lè jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òfin tí mo ti kà, kò sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ náà yóò mú orúkọ wá fún ìpàdé. Kí olùdíje má bàa wọ́n ni wọ́n ṣe gbé ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, wọn kò fi í ṣe aṣọ́bodè.

Bí ìwé òfin yín bá dákẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ ti gba ìwé ìlànà ìpàdé kan wọlé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò ni Robert's Rules of Order, tí Henry Martyn Robert, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹnjiníà, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1876. Ìpàdé ilé ìjọsìn kan ni wọ́n ní kó darí nígbà kan, kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, ìpàdé náà sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtìjú ọjọ́ náà ló lé e dé ìdí ìwé yìí. Ohun méjì tó wà níbẹ̀ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́kọ́ ni pé kò yẹ kí ààrẹ tàbí alága ẹgbẹ́ jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó ń fa olùdíje kalẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni yóò yan àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Èkejì ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka orúkọ tí ìgbìmọ̀ mú wá, ẹni tó ń darí ìpàdé gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni tó wà ní ìjókòó ní orúkọ mìíràn láti dá. Nítorí náà, ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò dìde dá orúkọ yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún akọ̀wé ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé.

Ní ti àtẹ́wọ́ yẹn, bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló jáde fún ipò kan, tí ìwé òfin kò sì bèèrè ìbò ìkọ̀kọ̀, wọ́n lè kéde rẹ̀ láìsí ìbò. Ṣùgbọ́n bí ìwé òfin bá sọ pé ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, ìbáà jẹ́ ẹnìkan péré ló ń díje. Ní kété tí orúkọ yín bá ti di èkejì, àtẹ́wọ́ ti tán nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di kíka ìbò.

Kíka ìbò sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ti máa ń kọsẹ̀. Mo wà níbi tí wọ́n ti ka ti ẹgbẹ́ kan rí. Tábìlì kan ni, àti páálí bàtà tí wọ́n fi téèpù dì lẹ́nu, àti ènìyàn mẹ́ta tí kò sí èyí tó ń díje nínú wọn. Ọ̀kan ń tú ìwé, ó ń ka orúkọ sókè. Èkejì na ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti rí i pé ohun tó kà ni wọ́n kọ. Ẹ̀kẹta ń fa ìlà sórí ìwé, mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dá wọn ní ìbú. Ìwé 60 ló jáde. Ẹnìkan ní 29, èkejì ní 27, ìwé 4 sì ṣófo, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ìdajì 60 ni 30, nítorí náà kò sí ẹni tó wọlé. Ìwé Robert ní ìdáhùn sí èyí: ìwé tó ṣófo kì í ṣe ìbò, a kì í kà á mọ́ àpapọ̀. Ìbò 56 ló wà nílẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni 28, ẹni tó ní 29 ti borí. Bí wọ́n bá ti kọ gbólóhùn kan péré sínú ìwé òfin wọn nípa ìwé tó ṣófo, wọn ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Dípò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí inú yín lè má dùn sí. Kì í ṣe gbogbo alága tó pẹ́ lórí àga ló gba àga lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ báyìí, iṣẹ́ yẹn kò lówó, ariwo rẹ̀ sì pọ̀: òun ni yóò wá ibi tí wọn yóò ti pàtẹ ọkọ̀, òun ni yóò bá iléeṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀, òun náà ni wọn yóò pè láàárọ̀ Sunday bí òjò bá ba ìrìnàjò jẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò rí ẹni gbé e fún ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò ìdìbò ẹgbẹ́ ni kí sáà wọn má parí lọ́jọ́ kan náà: bí ìgbìmọ̀ alákòóso bá jẹ́ ènìyàn mẹ́sàn-án, tí olúkúlùkù ń lo ọdún mẹ́ta, kí àga mẹ́ta máa ṣófo lọ́dọọdún. Ẹni tuntun á máa rí àyè wọlé, àwọn tó mọ ibi tí wọ́n kó ìwé sí á sì tún wà nílé.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, n kò gba owó kankan fún iṣẹ́ náà. Oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ ló ń san owó ìpolówó tó wà lẹ́yìn ìwé wa, owó yẹn la sì fi ń tẹ ìwé náà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ lẹ́tà sí mi, ó ní rọ́bà tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì, tí òun rà lọ́wọ́ oníṣòwò yìí, ti sán kí ọdún tó yí po. Ó fi àwòrán sí i. Ìgbìmọ̀ alákòóso ní n kò gbọdọ̀ tẹ lẹ́tà náà jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ní ìpín nínú òwò náà.

ÌDÁHÙN: Rọ́bà epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ irú rọ́bà tó ti gbó bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i tí ẹnu ìsán rẹ̀ ń là bí ìṣẹ́po àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbẹ. Bí epo bá sì kán láti ibẹ̀ sórí páìpù èéfín tó gbóná, iná ni. Ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó sì fi tó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí, ti ṣe wọ́n lóore. Síbẹ̀, ẹ má ṣe yára dá oníṣòwò náà lẹ́bi. Epo tí wọ́n fi ethanol, irú ọtí kan, lú máa ń jẹ rọ́bà tí wọn kò ṣe fún un, ó sì ṣeé ṣe kí rọ́bà náà dára fún epo ayé àtijọ́ kó má dára fún ti òde òní. Ẹni tó tà á lè má mọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ó mọ̀.

Ohun tí mo máa ṣe bí mo bá wà nípò yín ni pé màá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i, màá fún un ní ọjọ́ tí èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, màá sì tẹ méjèèjì sójú ewé kan náà. Kí ẹni tó kọ lẹ́tà dúró lórí ohun tó rí: ọjọ́ tó rà á, ọjọ́ tó dè é, irú epo tó lò, ohun tó bá níbẹ̀. Bó bá pe ẹnikẹ́ni ní oníjìbìtì, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ìyẹn ni ọ̀nà tí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ń gbà wọlé, ẹgbẹ́ ni yóò sì bá a dé kóòtù.

Ìgbìmọ̀ alákòóso lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè nípa ewu òfin, nítorí orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lára ìwé náà. Àwọn náà ló yẹ kó pinnu irú ìpolówó tí ẹgbẹ́ yóò gbà àti iye tí wọn yóò gbà á, nítorí àdéhùn owó ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ pé kí olóòtú gbé lẹ́tà kan pamọ́ nítorí ẹni tó ń sanwó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ àṣẹ náà àti ìdí rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọ̀pọ̀ àṣẹ ni kì í lè dé orí ìwé.

Ní ti ẹni tó ní ìpín nínú òwò náà, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó yẹ kó ti sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó dìde kúrò nínú yàrá nígbà tí àwọn yòókù ń jíròrò, kó má sì dìbò lórí rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ wákàtí tó jáde àti èyí tó padà wọlé. Kò pọn dandan kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, bí a bá sì ní kí gbogbo irú wọn jáde, àwa tí kò mọ kabúrẹ́tọ̀ yàtọ̀ sí rédíétọ̀ nìkan ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ ìlànà ìpolówó nísinsìnyí, kí ẹlòmíràn tó mú ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Kí iye owó ojú ewé kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé, kó sì jẹ́ iye kan náà fún ọmọ ìgbìmọ̀ àti àlejò. Kí ọ̀rọ̀ náà "Ìpolówó" wà lókè ohun tí wọ́n sanwó fún bí ó bá jọ àròkọ. Kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pẹ̀lú: bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá pè é ní ọkọ̀ àtijọ́, òṣùwọ̀n wo ni a fi mọ̀? FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, sọ pé ó kéré tán ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ pé 30 ọdún. Kí wọ́n sì ya olùpolówó sọ́tọ̀ kúrò lára onígbọ̀wọ́. Òfin owó orí Amẹ́ríkà ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti 1997: bí ẹ bá kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún ẹgbẹ́ lówó, tí ẹ sì fi orúkọ àti àmì rẹ̀ hàn, ìgbọ̀wọ́ ni, bí ẹ bá sọ iye tó ń ta ọjà rẹ̀, tàbí pé ọjà rẹ̀ dára ju ti ẹlòmíràn lọ, ó ti di ìpolówó. Bí ẹ kò tilẹ̀ sí lábẹ́ òfin yẹn, ìlà tó fà yẹn tọ́.

Mo mọ̀ pé owó ẹ̀yìn ìwé yẹn ló ń tẹ ìwé náà, mo sì mọ̀ pé oníṣòwò náà lè kó owó rẹ̀ lọ. Ẹ wá olùpolówó kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń bọ́ ọ ti ní alága kejì tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń díje fún ipò alága. Mo fẹ́ ra odindi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ láti fi polongo ara mi, ìgbìmọ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n alága tó wà níbẹ̀, tí òun náà ń díje, ní ojú ewé tirẹ̀ tòun ti fọ́tò nínú gbogbo ìtẹ̀jáde. Ṣé ìrẹ́jẹ kọ́ nìyí?

ÌDÁHÙN: Wọ́n tọ̀nà láti kọ̀ fún yín, wọn kò sì tọ̀nà láti fi ti alága sílẹ̀. Bí a bá ń ta ojú ewé fún olùdíje, ẹni tó lówó jù ni yóò sọ̀rọ̀ jù, ìwé náà sì jẹ́ ti gbogbo ẹni tó san owó ẹgbẹ́. Ẹ bèèrè pé kí olùdíje kọ̀ọ̀kan gba àyè ọ̀fẹ́ kan náà, ká sọ pé ọ̀rọ̀ 150 àti fọ́tò kan tó dọ́gba ní títóbi, kí ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sì jáde bó ṣe kọ ọ́. Bí wọ́n bá fún ẹnìkan ní àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti fi kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n fún gbogbo yín tàbí kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Orúkọ tó kọ́kọ́ wà lókè máa ń rí ojú àwọn òǹkàwé ju àwọn tó kù lọ, nítorí náà kí wọ́n fi kèké pinnu ẹni tí yóò ṣáájú: kí wọ́n ká orúkọ sínú ìwé pélébé, kí ẹni tí kò díje ṣà á níwájú gbogbo yín. Ojú ewé alága ní tirẹ̀, kó sinmi nínú ìtẹ̀jáde tó bá ṣáájú ìdìbò. Kó padà nínú èyí tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú fọ́tò ẹni yòówù tó bá wọlé.