Gọ́ọ̀mù pákó: ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 4 yẹn sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àpótí ìjókòó àti ṣẹ́ẹ̀fù lẹ fẹ́ máa kàn nílé, ẹ wá ń béèrè irú gọ́ọ̀mù tí ẹ máa rà, àti bóyá kẹ́ẹ̀gì lítà 4 ò ní dín owó kù. Gọ́ọ̀mù funfun ni ti iṣẹ́ inú ilé. Èyí tó máa wà níta, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ D4 sí lára, ìyẹn àmì pé ó lè fara da omi àti òjò, kí ẹ sì kun igi náà. Ìyẹn ò le.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn gan-an ni wàhálà. Omi ló wà nínú gọ́ọ̀mù funfun. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni omi ń fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ooru abẹ́ páànù sì ń mú un ki kíákíá. Tó bá ti ń fà bí ilá, tàbí tó ní kókó bí àmàlà tí wọn ò rò délẹ̀, ẹ dà á nù. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń tà á tí wọ́n ń sọ pé "ẹ ṣáà bomi là á." Omi kì í jí gọ́ọ̀mù tó ti kú! Èyí tó kàn ki díẹ̀, tí kò tíì fà, mílílítà 50 sí lítà 1, kó má jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣàn jù, pákó á fà á mu tán, pàápàá lójú ibi tí ayùn ti gé e, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan tó máa di oríkèé mú. Àwọn tó ń tà á yìí kan náà ló ń bù ú láti inú dúróòmù sínú ike omi, tí ẹ ò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Mílílítà 500 tó yín. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí i lára. Ẹ nu ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, kí ẹ gbé e sínú yàrá tí oòrùn ò dé. Ẹ má bù ú sínú agolo mílíìkì láéláé: ó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, agolo á dógùn-ún, ìdógùn-ún yẹn á sì sọ ojú igi yín di dúdú.

Kí ẹ tó lo èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ lẹ ègé pákó méjì pọ̀, ẹ fi kìláǹpù fún un, kó di wákàtí 24, kí ẹ wá fi òòlù gbá a. Tí pákó bá ya, gọ́ọ̀mù ṣì dára. Tó bá ṣí wẹ́rẹ́ lójú ibi tí ẹ lẹ̀, ó ti parí.

Gọ́ọ̀mù fọ́máíkà ò sí fún oríkèé o, kì í le. Iná sì ń tètè ràn mọ́ ọn, ẹ má gbé e sítòsí sítóòfù.

Ti ṣẹ́ẹ̀fù yín, tó bá jẹ́ ìwé ló máa rù, ẹ fi súkúrù kún un, torí gọ́ọ̀mù funfun máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kì í kúrò lórí ẹ̀.