Ṣé kí á kó labalábá sínú fíríìjì kí á tó yà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ 12, ọmọ ọdún 10 sí 13, bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ẹyẹ, kòkòrò àti ewéko nínú ọgbà iléèwé wa. Irú kámẹ́rà wo ni kí n rà? Ẹnì kan tó ń gbowó kọ́ni lórí WhatsApp ní kí á kọ́kọ́ fi labalábá sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 10 kó má baà fò, pé kò ní í dùn ún.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà wa. Ẹ má ra kámẹ́rà kankan. Fóònù mẹ́ta tí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú lẹ́ńsì wọn tó. Ẹni tí fóònù kò tíì kàn á máa wo nǹkan, wíwò yẹn gan-an lẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì ló ká mi lára. Wọ́n ti bi mí tó ìgbà mẹ́rin lóṣù yìí.

Labalábá kì í sùn nínú fíríìjì. Ara rẹ̀ kì í gbóná gbére bíi tiwa, oòrùn ló ń yá a. Bí òtútù bá mú un, kò ní lè gbéra. Pé kò lè sá kò sọ pé ara rọ̀ ọ́, ẹ kò sì lè fojú mọ ìgbà tó máa kú. Kó tó dénú fíríìjì pàápàá, ọwọ́ yín ti bà á jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú tó ń lẹ̀ mọ́ni níka bí a bá di apá labalábá mú, kì í ṣe eruku. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni, òun ló gbé àwọ̀ apá náà. Tó bá ti gbọ̀n dànù, kì í hù mọ́. Apá tó pá ni ọmọ yín máa yà.

Òtútù tí ẹ ń wá wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kó wọn jáde láago méje àárọ̀. Lámilámi á wà lórí koríko, ìrì á ti sẹ̀ sí i lára wínníwínní. Mo rí ọmọbìnrin kan tó dojú bolẹ̀ tì í fún bí ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí oòrùn kan lámilámi náà, apá rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ó fi ń yá ara rẹ̀, ló bá fò lọ. Ọmọ náà ti ya fọ́tò mẹ́sàn-án.

Alángbá ní tirẹ̀, ẹ fi di aago mẹ́sàn-án. Bí ara akọ bá tutù, á ṣú bí èèpo igi. Oòrùn ló ń jẹ́ kí orí rẹ̀ pọ́n.

Ìtẹ́ ẹ̀gà, láti ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti yà á. Ẹ má já ẹ̀ka tó bò ó.

N kò rí ọgbà yín o. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ́kọ́ yí i ká, kí òbí fọwọ́ síwèé, kí gbogbo wọn wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ ṣí òkúta: àkekèé àti ejò ń gbé abẹ́ rẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ilé ìwòsàn ni tààrà. Ẹ má fi okùn so ibi tó bù jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀.

Owó kámẹ́rà yẹn, ẹ fi háyà bọ́ọ̀sì. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ n'Íbàdàn, tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé gbàyè.