Python kó kúrò nílé, kò mú páákéèjì mi dání

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń tọ́jú bí ogójì páákéèjì Python nínú distro (ẹ̀yà Linux) kékeré kan tó jókòó lórí Arch Linux, ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló kó o fún mi. Kò sí wàhálà kankan àfi ìgbà tí Python kúrò ní 3.11 bọ́ sí 3.12, làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ModuleNotFoundError (Python ò rí láíbìrì tó ń wá), àwọn kan ò tiẹ̀ bíìdì mọ́ (kóòdù wọn ò ṣe é sọ di páákéèjì), wọ́n ní distutils, irinṣẹ́ àtijọ́ tí Python fi ń kó láíbìrì jọ, ò sí. Ṣé bí màá ṣe máa ṣí PKGBUILD ogójì, ìyẹn fáìlì ìlànà bíìdì páákéèjì kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún rèé?

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Àìsàn méjì lò ń dà pọ̀ yẹn, oògùn wọn ò sì jọra.

Àwọn ti ModuleNotFoundError ò bàjẹ́ rárá, Python ló kó kúrò nílé tí kò mú wọn dání. Inú /usr/lib/python3.11/site-packages ni wọ́n wà, 3.12 kì í sì í wo ẹ̀yìn, fódà tó bá ní 3.12 lórúkọ nìkan ló ń yà sí. Má fọwọ́ kan kóòdù kankan, fi ọ̀kan kún pkgrel (nọ́ḿbà àtúnbíìdì nínú PKGBUILD) kó o tún un bíìdì. Tẹ pacman -Qoq /usr/lib/python3.11/ (pacman ni irinṣẹ́ tó ń kó páákéèjì wọlé lórí Arch), gbogbo èyí tó bá dárúkọ ló ṣì wà nílé àtijọ́. Títò wọn ló máa ń súni jàre, èyí táwọn yòókù nílò gbọ́dọ̀ ṣíwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá kàn máa yí po lójú kan ni.

Ti distutils, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀, láti Python 3.10 lọ́dún 2021, nígbà tí 3.12 máa jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 wọ́n kúkú yọ ọ́ dànù. Ṣí setup.py, fáìlì tí wọ́n fi ń bíìdì láíbìrì náà, bó o bá rí from distutils.core import setup, sọ ọ́ di from setuptools import setup, fi python-setuptools sí makedepends (àtòjọ ohun tí bíìdì nílò nínú PKGBUILD), kó o sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sẹ́ni tó ni kóòdù, torí bó bá dúró sọ́wọ́ ẹ nìkan wàá máa gbé e kiri títí. Èyí tó le jù ni pé kí distutils wà nínú láíbìrì fúnra ẹ̀. Yóò bíìdì wẹ́rẹ́, ọjọ́ tẹ́nìkan bá lò ó ló máa ṣubú. Nítorí ẹ̀ ni, má fo check(), ibi ìdánwò nínú PKGBUILD, ó kéré tán kó import láíbìrì náà lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tọ́wọ́ tèmi ti jóná rèé. Mo kọ ọ́ sínú package(), ibi tí PKGBUILD ti ń kó fáìlì sínú páákéèjì, nígbà kan pé:

rm -rf "$pkgdir/usr/lib/python3.9/site-packages/tests"

torí ẹni tó kọ láíbìrì yẹn gbàgbé fódà tests síbẹ̀. Python bọ́ sí 3.10, rm ò rí nǹkan kan yọ, -f tí mo fi sí i ni ò jẹ́ kó pariwo, ni tests bá bá wa wọ páákéèjì. Láíbìrì mìíràn náà gbé tests tiẹ̀ dé, pacman ní exists in filesystem, kò gba ìkejì wọlé. Látọjọ́ náà mi ò fọwọ́ kọ nọ́ḿbà mọ́, Python fúnra ẹ̀ ni mo ń bi:

site=$(python -c "import site; print(site.getsitepackages()[0])")

Mo sì yọ f yẹn. Bí kò bá rí fódà, kó pariwo kí n gbọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí pip, irinṣẹ́ tó ń gbé láíbìrì Python wá, ń sọ fún mi lórí Debian 12 (distro mìíràn) pé externally-managed-environment, ìyẹn ni pé nǹkan mìíràn ló ń tọ́jú Python ibẹ̀? Mo rí i pé --break-system-packages ń jẹ́ kó gbà.

Ìdáhùn: Ṣebí orúkọ --break-system-packages yẹn ti sọ ohun tó lè ṣe fún ẹ, ó lè ba páákéèjì Debian fúnra ẹ̀ jẹ́. Lórí Debian, abẹ́ /usr/local ni ohun tí sudo pip bá gbé wá ń lọ, ibẹ̀ sì ni Python kọ́kọ́ ń wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ohun tí apt, irinṣẹ́ tó ń kó páákéèjì wọlé lórí Debian, gbé wá, nítorí náà láíbìrì kan tó o gbé wá lè da irinṣẹ́ tí apt kó wá rú. Ṣe python3 -m venv, kóhun tìẹ wà lọ́tọ̀, bó bá jẹ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo lo fẹ́, pipx, tó ń fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní venv tiẹ̀, ti tó. Kọ́kọ́ fi apt gbé python3-venv wọlé o, Debian yà á sọ́tọ̀.