Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Ìdáná Tí Èéfín Ti Sọ Di Dúdú

Ẹ̀yin olóòtú, òkun o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti padà sí ilé tí àwọn òbí mi kọ́ ní ọdún 1974. Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Igi ni ìyá mi fi ń dáná níbẹ̀ títí wọ́n fi papòdà, nítorí náà ògiri rẹ̀ dúdú láti òkè dé ìdajì. Gáàsì ni èmi ń lò. Mo kun ilé ìdáná náà ní funfun lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tí àbàwọ́n pípọ́n fi yọ jáde padà. N kò fẹ́ wó ohunkóhun, owó ọwọ́ mi kò sì tó táìlì í rà. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

Òkun o, ìyá wa. Àbàwọ́n yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kun ilé náà. Ohun tí èéfín igi ń fi sílẹ̀ lára ògiri kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀, oje igi tó ti jóná sì wà níbẹ̀, omi inú ọ̀dà olómi ló sì ń tú u, tó ń fà á wá sójú bí ọ̀dà náà ti ń gbẹ. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò yọ.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ògiri náà. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó bá ṣì ń já bọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ sì máa fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi dúdú tó ń ṣàn yóò fa ìlà sára ibi gbígbẹ nísàlẹ̀, ìlà bẹ́ẹ̀ kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Amọ̀ ló wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn, nítorí náà ẹ fún kànrìnkàn náà dáadáa, ẹ má sì da omi lé ògiri. Ẹ fi omi mímọ́ nù ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá kékeré mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀rinrin bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà lọ́jọ́ kejì, ẹ ní sùúrù sí i.

Ibi tó ti dúdú nìkan ni kí ẹ wá fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ olóróró kùn, èyí tí àwọn kunlékunlé ń pè ní ọ́ńdákóòtù, nítorí pé omi kò lè tú àbàwọ́n gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìyẹn bá ti gbẹ, ẹ lè fi ọ̀dà olómi kun gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò gbà yín níyànjú láti fi ọ̀dà olóróró tó ń dán kun ilé ìdáná náà láti òkè délẹ̀ kó lè ṣeé nù. N kò fara mọ́ ọn fún ilé alámọ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń gòkè nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì dí i pa, yóò wú, yóò sì bó. Ẹ̀yìn gáàsì àti ibi ìfọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi èyí tó ń dán kùn.

Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣe fi sánpépà ha á ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóróró ìgbà náà, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó ha á, kí àwọn ọmọ-ọmọ yín má sì sí nítòsí. Bí sílíǹnì bá jẹ́ ti asibẹ́ẹ́sì, tí kò sì tíì fọ́, ẹ kùn ún bó ṣe wà. Ẹ má ha á, ẹ má sì lu ihò sí i.

Inú oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Òjò ti máa ń dá lágbègbè wa nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì le débi tí eruku yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.

Ẹ kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí ilé ìdáná wa ṣe máa ń rí: ibi tí odó iyán ń jókòó sí yóò ti sán, yóò sì ti jìn bí àwo. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ dé ibi tó le, kí ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́ta dí i. Kódà bí owó bá dé, ẹ má to táìlì sójú ibẹ̀, nítorí pé ọmọrí odó kò ní jẹ́ kó pẹ́.

Àjà tí ìyá yín fi ń yan ẹran àti àgbàdo ńkọ́? Bí ikán kò bá tíì wọ̀ ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jù ú nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri tó jìnnà sí iná, kí ẹ sì to àwọn abọ́ tánganran wọn sórí rẹ̀. Kò sí pẹpẹ tí ẹ lè rà lọ́jà tí yóò yẹ ilé yẹn tó o.

Ìta ni kí sílíńdà gáàsì wà, lóòró. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí bó bá ń jò, nítorí náà ẹ má ṣe dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ẹwà.

Ilé àyágbé ni mo ń gbé ní Kàbbà. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ti ṣá. Ṣé kí n lẹ ọ̀rá olódòdó mọ́ ọn?
Ìyàwó ilé, Kàbbà

Ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn tó jìnnà sí iná, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi ọṣẹ bó ọ̀rá oúnjẹ kúrò lára wọn tí wọ́n sì gbẹ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, ọ̀dà ni kí ẹ fi kùn ún, torí pé ọ̀rá a máa gbiná. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ onílé, kí ẹ sì tọ́jú àwọn ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, kí ẹ lè dá wọn padà sáyè wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.