Ẹ Bi Ọ̀gá Wẹ́dà: Ojú Ọmọ Mi Ń Ta Lóru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Àṣerò. Lóru ọjọ́ kan báyìí, igbe ló fi jí mi, ó ní ojú òun méjèèjì ń ta bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Wọ́n ní kí n wá ìyálọ́mọ tó máa fún wàrà ọmú sí i. Jígí òòrùn ló ní òun máa ń wọ̀ tí àwọn bá ń jó irin. Kí ni kí n ṣe? Èmi Ìyá Kẹ́hìndé, Ìbàrà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú àìsùn, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ọmọ. Àwa wẹ́dà Lafẹ́nwá mọ irú òru bẹ́ẹ̀ dáadáa. Iná ló jó o lójú. Ìtànṣán kan wà nínú iná wẹ́dà tí ojú ẹni kì í rí, òun ló ń bó ojú. Kì í ta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 6 sí 12 kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ òru ni í sábà máa ń mú wọn. Kó jókòó síbi tí kò mọ́lẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé ìpéǹpéjú, kó má fọwọ́ ra á. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2 ó sábà máa ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wàrà ọmú sí i. Kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọ ojú tó ti bó. Ẹ má sì ra oògùn ojú tó ń mú kí ojú má mọ ìrora, tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà. Ìrora á dákẹ́, ojú á sì máa bàjẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ta, tàbí tí ọjọ́ 2 bá kọjá tí kò lọ, ó ṣeé ṣe kí irin ti wọ̀ ọ́. Irin á dípẹtà síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi ìṣáná tàbí etí áńkáṣíìfù yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta níbí.

Ẹ wá bá mi ka ìyókù fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá, jígí òòrùn kò tó. Iná electrode, ìyẹn wẹ́dà tó ń lo iná mànàmáná, ń fẹ́ ìbòjú tí nọ́ńbà dúdú gíláàsì rẹ̀ jẹ́ 10 sí 12. Ti gáàsì tí a fi ń gé irin, nọ́ńbà 5 lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń rí jàǹbá jù ni ìgbà tí iná ti kú. Ọmọṣẹ́ á jó ìlà kan tán, á sọ ìbòjú sókè kó lè wo ojú iṣẹ́, á mú òòlù kékeré, á lu ìdàrọ́, ìyẹn èèpá líle tó bo ojú ibi tó jó. Èyí tó fò sókè lè máà ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ, ó ṣì pọ́n. Kò sí nǹkan kan níwájú ojú rẹ̀ lásìkò yẹn. Nítorí náà, gógù, ìyẹn jígí ààbò, tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀, kí ìbòjú tó wá sórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Z87+ sí lára, àmì pé ó lè gba ohun tó bá fò lù ú, ni kí ẹ wá lọ́jà.

Fáílìn maṣíìnì, èyí tí díìsì rẹ̀ ń yí láti gé irin tàbí láti lọ̀ ọ́, náà ńkọ́? A ń yọ irin tó bo díìsì kúrò ká lè fi díìsì ńlá sí maṣíìnì kékeré. Ẹ ka ara díìsì: ti íǹṣì 4½ lè yí nígbà 13,300 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti íǹṣì 9 kò gbọdọ̀ kọjá 6,600. Maṣíìnì kékeré sì ń yí tó 11,000. Díìsì ńlá á fọ́ ni. Àwọn àgbà ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló lè sá fún ohun tó lè máa bọ̀ ní eré tó ju mítà 80 lọ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan? Etí òrùka irin tó wà láàárín díìsì ni wọ́n máa ń kọ ọdún tó máa parí sí. Tó bá ti kọjá, ẹ sọ ọ́ nù.

A máa ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a tún ń gba owó fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá tó gba méjèèjì tí kò ra gógù fún ọmọṣẹ́ kò ṣe dáadáa, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Sápọ́n. Mo ti ń lo jígí ìkàwé. Ṣé kò tó fún ayùn iná?

ÌDÁHÙN: Kò tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì lè fọ́ sí yín lójú. Gógù ńlá wà tó lè bo jígí yín mọ́lẹ̀, òun ni kí ẹ rà. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbọn ìdọ̀tí igi kúrò lójú tàbí lára. Ẹ jẹ́ kí gógù ṣì wà lójú títí ẹ ó fi gbọn fìlà àti irun yín tán, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi omi ṣan ojú.