Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Owó iná tó ń tán lọ́wọ́ àgbà

Lẹ́tà nípa iná àti gáàsì nìkan la mú lóṣù yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì gbọ́ bùkátà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń bá wọn san án.

Iná ₦5,000 kì í lo ju ọjọ́ mẹ́rin lọ

"Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Mọ́níyà, Ìbàdàn. Èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń gbélé. Fíríìjì kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù márùn-ún la ní. Tí mo bá ra iná ₦5,000, ọjọ́ mẹ́rin, ó ti tán. Àbí mítà yìí ń sáré ni?"

Èsì: Bàbá, mítà tó ń sáré kò wọ́pọ̀ tó bí aráyé ṣe ń pariwo rẹ̀. Rìsíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Báǹdì A (àwọn àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí iná púpọ̀ jù fún) láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti di ₦209.50. VAT tún wà lórí rẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá wà ní Báǹdì A, nínú ₦5,000 yín, VAT kó bíi ₦349 lọ, ó ku ₦4,651, ìyẹn sì ra yúníìtì 22 àti díẹ̀. Bí èyí tó wà lórí rìsíìtì yín bá kéré sí i, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ gbèsè sí. Ilé-iṣẹ́ apínná a máa yọ gbèsè àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà téèyàn bá ra iná, ó sì lè jẹ́ gbèsè ẹni tó ti kó kúrò nínú ilé náà. Ẹ mú ìwé ilé tó ní ọjọ́ tí ẹ wọlé lọ bá wọn.

Bí rìsíìtì bá gún, ó kan ilé fúnra rẹ̀. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń tàn, tó ń kú. Wọ́n kọ nǹkan bíi "1000 imp/kWh" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: tó bá tàn lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún ìgbà, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri (pípa tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú rìmóòtù kò tó), kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ pa bírékà ńlá. Tó bá dákẹ́ nígbà náà, inú ilé ni iná ti ń jò: wáyà tó ti bó, tàbí ẹnìkan tó so tirẹ̀ mọ́ tiyín. Tí kò bá dákẹ́, ẹ̀yìn bírékà ni ẹjọ́ wà, ilé-iṣẹ́ apínná ló sì gbọ́dọ̀ wá wò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan fíríìjì nìkan kí ẹ wo aago. Lórí mítà 1000, bí iná pupa bá tàn lẹ́ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú kan, wáàtì 60 ni. Lẹ́ẹ̀mẹta, wáàtì 180. Bí mítà bá wà lókè òpó, ẹ kọ iye yúníìtì tó kù sílẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún kọ ọ́ láàárọ̀.

Bó bá jẹ́ Báǹdì A ni, tí kò sì sí gbèsè, ilé yín ń jẹ bíi yúníìtì márùn-ún àti ààbọ̀ lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká pín in. Fáànù méjì, wáàtì 70 lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́wàá: 1.4. Tẹlifíṣọ̀n ò tó nǹkan. Gílóòbù márùn-ún, bó bá jẹ́ àwọn onígíláàsì àtijọ́ tó ń jó èèyàn lọ́wọ́, wáàtì 60, fún wákàtí mẹ́fà: 1.8. Bí ẹ bá fi LED wáàtì 9 rọ́pò wọn, ó di 0.27. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ₦340 lójúmọ́, ó lé ní ₦10,000 lóṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa fáànù nínú ooru, wọ́n wá fi gílóòbù yìí sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èyí tó kù, fíríìjì ló ń jẹ ẹ́. Fíríìjì kékeré tó dáa lè máa jẹ bíi yúníìtì kan lójúmọ́. Ògbólógbòó tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dẹ̀ lè jẹ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ yìnyín tó bá ti nípọn tó ìka ọwọ́, kí ẹ sì fa fíríìjì kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mí.

Ẹ tún máa kọ wákàtí tí iná fi wà sílẹ̀. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni Báǹdì A. Bí àdúgbò kò bá rí i fún ọjọ́ méje léra, ìlànà ni kí wọ́n já a sí báǹdì tó bá iye wákàtí náà mu.

Bíìlì ₦31,000 fún yàrá àti pálọ̀

"Opó ni mí, l'Abẹ́òkúta. Mi ò ní mítà. Bíìlì tí mo san kẹ́yìn jẹ́ ₦9,000, tuntun tó dé jẹ́ ₦31,000, wọ́n sì ní àwọn máa gé iná. Àdúgbò tún ní ká dáwó tiransifọ́má."

Èsì: Ìyá, ìlànà NERC ní kí ẹni tí kò ní mítà tó ń jiyàn bíìlì san iye tó san kẹ́yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, títí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. ₦9,000 ni tiyín. Láti ọdún 2020 ni òté ti wà lórí iye tí wọ́n lè kọ fún ẹni tí kò ní mítà. Lọ́dún 2024, NERC ní kí wọ́n yọ bílíọ̀nù ₦10.5 nínú owó ilé-iṣẹ́ apínná 11 nítorí pé wọ́n rú u.

Àmọ́ ẹnu lásán kì í gba èyí. Ẹ kọ lẹ́tà méjì tó bára mu, kí nọ́ńbà àkáǹtì yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ so ẹ̀dà bíìlì méjèèjì mọ́ ọn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" àti déètì mọ́ èyí tí ẹ máa mú lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀ yìí, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 15 bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ síwájú. Láti ìgbà Òfin Iná ọdún 2023, Ògùn, Èkó, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ti ní àjọ ìpínlẹ̀ tiwọn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ẹ má san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ kankan.

Ní ti tiransifọ́má, kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà láti rà á. Bí àdúgbò ò bá lè dúró, ẹ bá ilé-iṣẹ́ apínná tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó ra ohunkóhun, pé wọ́n máa dá owó náà padà. Ìwé tí wọ́n bá wá lẹ́yìn tí tiransifọ́má ti dé, ẹ̀yìn ẹjọ́ ni.

Yàrá mẹ́wàá, mítà kan

"Mọ́mì mi, ẹni ọgọ́rin ọdún, ń gbé Mushin. Gílóòbù kan, fáànù kan, rédíò kan ni wọ́n ní. Gbogbo ará ilé ń pín owó iná dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ará ilé kan ń fi firísà ta yìnyín."

Èsì: Ẹ gbé ìṣirò síwájú ìpàdé ilé, ó máa ń tètè yanjú ju ìbínú lọ. Bí gílóòbù Mọ́mì bá jẹ́ LED, ohun tí wọ́n ní ò ju 0.8 yúníìtì lọ lójúmọ́, ìyẹn 24 lóṣù, bíi ₦5,400 ní Báǹdì A. Firísà tí wọ́n ń ṣí ní gbogbo ìgbà lè jẹ yúníìtì mẹ́ta lójúmọ́, ó lé ní ₦20,000 lóṣù. Kí kálukú ra mítà kékeré sí ẹnu yàrá rẹ̀, kí ẹ jọ ka gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Iná kọ́rídọ̀ àti ẹ̀rọ omi nìkan ni kí ẹ pín dọ́gba. Ẹ ṣọ́ oníná o: ó wọ́pọ̀ kí wáyà kọ́rídọ̀ gba inú mítà ẹnìkan kọjá.

Gáàsì 3kg kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́

"Èmi àti ọmọ-ọmọ mi kan la wà nílé l'Òṣogbo. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?"

Èsì: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá, ẹ wo ọrùn sílíńdà: wọ́n tẹ nọ́ńbà kan síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ "TW". Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo nìyẹn. Bó bá jẹ́ 5.2, ó gbọ́dọ̀ wọn 8.2 nígbà tó bá ní gáàsì 3kg nínú. Kí òṣùwọ̀n wà ní òdo kí ẹni tó ń ta gáàsì tó gbé sílíńdà lé e. Bó bá fi 5.6 hàn kó tó rọ gáàsì, 0.4 ṣì wà nínú rẹ̀, owó 2.6 lẹ máa san.

Nílé, bí iná bá ń pọ́n tí ìdí ìkòkò sì ń dú, gáàsì ń jóná dànù. Ẹ yọ orí sítóòfù, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ẹ̀rọ sílíńdà àti rọ́bà. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò láé.

Ẹ̀wà ló ń jẹ gáàsì jù. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ dé ìkòkò. Tó bá ti hó, ẹ fa iná wálẹ̀: omi tó ń hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ kò gbóná ju èyí tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ.

£20 pòórá nínú mítà ní London

"Bàbá mi, ẹni ọdún 78, ń dá gbé ní Peckham. Mítà àsansílẹ̀ ni tiwọn. Wọn ò lo gáàsì láti oṣù kẹfà. Lóṣù kẹwàá, wọ́n fi £20 sí i, ojú ẹsẹ̀ ló tán."

Èsì: Standing charge ni. Owó ojoojúmọ́ ni, bí ẹ lò ó bí ẹ ò lò ó. Bíi pẹ́ǹsì 30 lójúmọ́ fún gáàsì, ọjọ́ 120, £36 ti ṣù jọ. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì kí wọ́n máa yọ gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, ẹ máa fi bíi £10 sí i lóṣooṣù.

Ẹ béèrè Pension Credit fún Bàbá, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kò tó. Lọ́dún 2025 sí 2026, ó gbé owó ẹni tó ń dá gbé dé £227.10 lọ́sẹ̀. Owó ìfowópamọ́ tí kò ju £10,000 lọ kò dí i lọ́wọ́, wọ́n sì lè san ti oṣù mẹ́ta tó kọjá. Òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún Warm Home Discount, ẹ̀dínwó £150 lórí owó iná, àti láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ti pé ọdún 75. Winter Fuel Payment, owó ìgbà òtútù, £200 (ó ń di £300 ní ọgọ́rin ọdún), wà fún wọn bí owó ọdún wọn ò bá ju £35,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo físà Bàbá kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù Pension Credit: bí "no recourse to public funds" (pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) bá wà lórí rẹ̀, bíbéèrè lè kó bá ìwé ìgbélùú wọn. Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tí ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì gbọ́dọ̀ tọ́jú ní pàtàkì, ò sí lára ìyẹn, ẹ fi orúkọ wọn sí i lónìí.

Heater kékeré oníná lè jẹ yúníìtì méjì ní wákàtí kan. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná ò ju 0.1 lọ.

Mítà ò gba nọ́ńbà

"Màmá mi lọ sóko láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ilé wà ní títì. Wọ́n ti dé, mítà ò gba tókìn."

Èsì: Láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni mítà tí wọn ò tíì sọ dọ̀tun kò ti gba tókìn tuntun (nọ́ńbà iná tí ẹ rà) mọ́. Bí tókìn àtijọ́ bá wà tí wọn ò tíì tẹ̀, ẹ lè kọ́kọ́ dán ìyẹn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba nọ́ńbà méjì, oní-20 lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ apínná, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ èyí àkọ́kọ́, kó gbà á, kí ẹ tó tẹ ìkejì, ẹ má yí wọn pa dà. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tẹ èyí tí ẹ rà.